Bí ẹ ṣe máa dá owó lé iṣẹ́ fífọ kápẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì tí èrè á fi kù sọ́wọ́ yín

Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí ṣáá: "Èló ni kí n gbà lórí mítà kan?" Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ń bi mí, ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún méjì tí kò rí èrè kankan náà ń bi mí. Mi ò lè sọ iye kan pàtó fún yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́ o, iye tó ń mú èrè wá fún mi lè ti ẹlòmíì sínú gbèsè, torí owó tí ẹ ń san fún ọmọ iṣẹ́ yín kọ́ lèmi ń san, máṣíìnì yín kì í ṣe irú tèmi, òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀ náà ò sì jọ èyí tí mo máa fọ̀ lọ́la. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi bí ẹ ṣe máa ṣírò tiyín hàn yín.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú dání: mítà (mítà sìkúwà ni mò ń sọ o, ìyẹn gígùn tá a fi fífẹ̀ sọ di púpọ̀) ni òtẹ́ẹ̀lì fi ń ra iṣẹ́ yìí, àmọ́ wákàtí lẹ̀yin fi ń ṣe é. Ẹ ka wákàtí yín tán ná, kẹ́ ẹ tó wá yí i padà sí mítà fún wọn.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Orí fóònù ni mo ti dá owó lé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí mo kọ́kọ́ ṣe. Máníjà ní mítà 600 ni, èmi náà ní kò burú, mo ti sọ iye kan kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà tá a débẹ̀ lálẹ́, wọ́n ti ti lífìtì tí wọ́n fi ń kẹ́rù pa, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti lọ sílé. Orí àtẹ̀gùn la gbé máṣíìnì gbà, èmi níwájú, ọmọ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn, á sì di pé ká tún sọ̀ kalẹ̀ lọ da omi ìdọ̀tí nù torí kò síbi tá a lè dà á sí lókè. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀. Nígbà tí mo sanwó fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tán, ohun tó kù sọ́wọ́ mi ò ju owó epo mọ́tò lọ. Kápẹ́ẹ̀tì mọ́ o, wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, àmọ́ iṣẹ́ erin, ìjẹ ẹlírí ni.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ fojú ara yín wo ibẹ̀

Ẹ má dá owó lé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù láé, ẹ má sì gba iye mítà tí wọ́n bá pè fún yín gbọ́. Àwọn míì á pè é kéré nítorí kí owó lè kéré, àwọn míì ò sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

1. Ẹ mú téèpù tàbí ẹ̀rọ ìwọ̀n oníná dání, kẹ́ ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ kọ́rídọ̀ lọ́tọ̀, yàrá lọ́tọ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé lọ́tọ̀, ibi àbáwọlé lọ́tọ̀, àtẹ̀gùn lọ́tọ̀, torí kò sí èyí tí wọ́n jọ ń gba àkókò kan náà nínú wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ya pílánì wọn, mítà sìkúwà 1 (m²) jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà sìkúwà 10.76.
2. Nínú yàrá, ibi tí máṣíìnì lè dé nìkan ni kẹ́ ẹ wọ̀n. Ibi tí wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹ ò ní fọ ibẹ̀.
3. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe kápẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ bèèrè ìwé ẹni tó tà á fún wọn. Tí ìwé ò bá sí, ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ fa fọ́nrán òwú kan péré láti eteetí tí kò hàn, kẹ́ ẹ lọ dáná sí i níta. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú ẹ̀ á sì rún lọ́wọ́ yín. Náílọ̀n àti polypropylene (oríṣi ike kan) ní tiwọn á yọ́, wọ́n á dì kókó líle. Ẹ má fojú kékeré wo ìgbésẹ̀ yìí o, bílíìṣì tó ní chlorine nínú máa ń jẹ irun àgùntàn run ni, kẹ́míkà tó le jù náà máa bà á jẹ́, owó kápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sì lè gbé èrè odindi ọdún lọ.
4. Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì níwájú lífìtì àti lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń pọ̀ sí jù. Tó bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọṣẹ àwọn tó fọ̀ ọ́ kọjá ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, àkókò tó máa gbà yín á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.
5. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ya, tó ti ṣí lójúràn-án, tó ti pàwọ̀ dà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí máníjà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn iṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀:

- Aago mélòó la lè wọlé, aago mélòó la gbọ́dọ̀ parí?
- Ṣé lífìtì ẹrù máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?
- Ibo la ti máa pọn omi, ibo la máa da omi ìdọ̀tí sí, ṣé ó wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan?
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló lè gbé máṣíìnì tí iná ò fi ní já?
- Ta ló máa gbé àga àti tábìlì kúrò?
- Ta ló máa yẹ iṣẹ́ wò, ṣé á wà níbẹ̀ tá a bá parí?

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan bẹ́ ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó ṣírò

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù ní òtẹ́ẹ̀lì. Àkọ́kọ́ ni máṣíìnì tó ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ tó sì ń fa omi náà padà. Ó máa ń fọ ìdọ̀tí tó ti wọlé lọ jìnnà, àmọ́ ó lọ́ra, ó sì lè gba wákàtí 6 sí 12 kó tó gbẹ, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí atẹ́gùn ò bá dáa. Èkejì ni encapsulation, ìyẹn kẹ́míkà tó máa dì mọ́ ìdọ̀tí, tó bá gbẹ á dà bí iyọ̀ wẹ́wẹ́, fákúọ̀mù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí gbígbẹ, á wá gbá a lọ. Omi ẹ̀ ò pọ̀, láàárín wákàtí 1 sí 2 ó ti gbẹ, ó sì yá ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa.

Fún kọ́rídọ̀ tí èèyàn ń rìn lójoojúmọ́, ohun tí mo máa ń dábàá ni encapsulation lóòrèkóòrè, kí wọ́n wá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ó dáa fún kápẹ́ẹ̀tì, ó sì dáa fún àpò tiyín náà. Yàrá tí àlejò bá da nǹkan sílẹ̀ sí ní tiẹ̀ nílò omi gbígbóná.

Ìkìlọ̀: ẹ má rin kápẹ́ẹ̀tì gbingbin. Omi tó bá pọ̀ jù á lọ sísàlẹ̀, tó bá ń gbẹ á fa àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ wá sókè, á máa rùn, ojúràn-án á ṣí. Òtẹ́ẹ̀lì ò ní lè ta yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin ni wọ́n á sì ní kó sanwó ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka wákàtí, gbogbo ẹ̀ pátá

Ẹ má lo iye mítà tí wọ́n kọ sára páálí máṣíìnì, orí ilẹ̀ gbalasa tí kò sí àga kankan ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Ẹ fọ ibi tó tó 20 m² kẹ́ ẹ fi aago fóònù ká a: fákúọ̀mù, fífọ́n kẹ́míkà, àbàwọ́n, fífọ̀ ọ́ gan-an, kíká wáyà. Bẹ́ ẹ bá ṣe yá sí nìyẹn, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe rò.

Ẹ wá fi àwọn wákàtí tí èèyàn máa ń gbàgbé kún un:

- kíkó ẹrù sínú mọ́tò àti ìrìnàjò, àlọ àti àbọ̀
- gbígbé ẹrù gòkè, títò ó, kíkó o sọ̀ kalẹ̀
- pípọn omi àti dídà á nù
- dídúró de kọ́kọ́rọ́, de lífìtì, de àlejò tí ò tíì jáde
- fífọ máṣíìnì lẹ́yìn iṣẹ́

Ìgbésẹ̀ 4: Èló ni wákàtí kan ń ná yín?

Mi ò ní lo owó ìlú kankan níbí, ẹ fi tiyín sí i. Ká ní ẹ ń san 10 fún ọmọ iṣẹ́ kan ní wákàtí kan. Ẹ fi owó orí tó kàn yín, ìsinmi, ọjọ́ àìsàn àti ìnṣọ́ránsì ẹ̀ kún un, ó lè di 13. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Fóònù, ibi tẹ́ ẹ ń kẹ́rù sí, ìnṣọ́ránsì iṣẹ́, ìpolówó, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lọ ń wọn òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún yín, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1,000 lóṣù, tí wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lóṣù kan sì jẹ́ 200, á jẹ́ pé 5 ló kan wákàtí kọ̀ọ̀kan. Torí náà wákàtí ẹnì kan ń ná yín ní 18, kì í ṣe 10.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń di máṣíìnì mú, ẹ san owó iṣẹ́ fún ara yín nínú ìṣirò yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó sọ pé òun ń jèrè, owó iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń jẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ro ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi èrè lé e

Ẹ jẹ́ ká mú òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní àjà 5, kọ́rídọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 45, ó fẹ̀ ní mítà 1.8. Ìyẹn 81 m² lórí àjà kan, 405 m² lápapọ̀. Encapsulation la fẹ́ ṣe, èèyàn 2, ká ní wọ́n jọ ń fọ bíi 100 m² ní wákàtí kan. Wákàtí 4 nìyẹn, ẹ fi 2 kún un fún ìrìnàjò àti ẹrù, ó di 6. Èèyàn méjì, wákàtí 12.

- Owó iṣẹ́: 12 × 13 = 156
- Owó ọ́fíìsì àti ìyókù: 12 × 5 = 60
- Kẹ́míkà: 20
- Máṣíìnì: 12 (tẹ́ ẹ bá rà á ní 3,000 tó sì máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1,500, 2 ni wákàtí kan, ẹ fi 1 kún un fún búrọ́ọ̀ṣì àti àtúnṣe, wákàtí 4 ló máa fi ṣiṣẹ́)
- Mọ́tò: 25

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 273. Iye tí iṣẹ́ náà ń ná yín nìyẹn, èrè ò tíì sí níbẹ̀.

Ibi tí èèyàn ti máa ń ṣìnà jù nìyí. Ẹ fẹ́ jèrè 30% nínú owó tó wọlé, ẹ wá fi 30% lé 273, ó di 355. Èrè yín jẹ́ 82, àmọ́ 82 nínú 355 kì í ṣe 30%, bíi 23% ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 30% lóòótọ́, ẹ fi 0.7 pín in: 273 ÷ 0.7 = 390. Èrè yín á di 117. Iṣẹ́ kan náà ni, kápẹ́ẹ̀tì kan náà, 35 ló sì yàtọ̀ torí bẹ́ ẹ ṣe tẹ kàkùlétọ̀ nìkan.

Ẹ rántí pé owó orí ṣì máa jáde nínú 117 yẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá yí i sí mítà fún wọn

390 ÷ 405 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.97 lórí m² kan. Iye tẹ́ ẹ máa kọ sínú ìwé nìyẹn. Àmọ́ ẹ má fi iye mítà kọ́rídọ̀ dá owó lé gbogbo nǹkan o. Ẹ ka yàrá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn ní ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì kọ ṣingọ́ọ̀mù, àbàwọ́n tó ti pẹ́ àti kẹ́míkà tó ń dáàbò bo kápẹ́ẹ̀tì sí ìlà tiwọn. Ẹ tún ní iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè gbà kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí wọ́n á pè yín lọ́jọ́ kan pé yàrá kan ṣoṣo ni, wákàtí 2 ti ìrìnàjò àti ẹrù ò sì ní torí ẹ̀ dín kù.

Ọ̀rọ̀ yàrá: ibi tí èrè ti ń jò

Kọ́rídọ̀ kì í fi nǹkan pamọ́. Yàrá ló ń pa èèyàn. Ká ní yàrá 40 ni, èèyàn 2, ìṣẹ́jú 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń dúró fún ìṣẹ́jú 10 péré kí wọ́n tó ṣí yàrá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 400 nìyẹn, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40, fún èèyàn méjì ó di wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi 18 tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀: 240 ti lọ, ẹ ò tíì fọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí:

1. Mo máa ń bá olórí àwọn tó ń tún yàrá ṣe sọ̀rọ̀, kì í ṣe máníjà nìkan. Òun ló mọ yàrá tó máa ṣófo lóòótọ́.
2. A máa ní kí wọ́n ti odindi àjà kan fún wa, tàbí ó kéré tán yàrá 8 tó tẹ̀ léra. Yàrá kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, mi ò gbà á mọ́.
3. Ẹnì kan á ṣáájú pẹ̀lú fákúọ̀mù, á fọ́n kẹ́míkà sílẹ̀. Ẹnì kejì á máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú máṣíìnì. Nígbà tí onímáṣíìnì bá fi máa dé yàrá kejì, kẹ́míkà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.
4. Inú yàrá lọ síta la ti ń fọ̀, ká má bàa tẹ ibi tá a ti fọ̀ mọ́lẹ̀. A máa ń fi nǹkan sábẹ́ ẹsẹ̀ àga onírin tàbí onígi tá a bá dá a padà, torí ìpata àti àwọ̀ igi máa ń wọ kápẹ́ẹ̀tì tútù, kì í sì í tètè jáde.
5. Ó wà nínú ìwé àdéhùn wa pé tá a bá dúró ju ìṣẹ́jú 15 lọ nítorí ohun tó wá látọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa sanwó àkókò yẹn. Mi ò tíì rí máníjà tó bínú sí i nígbà tó rí i ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí iṣẹ́ parí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ìjà ni.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dín owó kù

Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ dín in kù, kò sẹ́ni tí kì í nájà. Àmọ́ ẹ wò ó: tẹ́ ẹ bá yọ 10% kúrò nínú 390 yẹn, ó di 351. Ìnáwó yín ò kúrò ní 273. Èrè ti bọ́ láti 117 sí 78. Òtẹ́ẹ̀lì rò pé 10% lòun gbà, ìdá kan nínú mẹ́ta èrè yín ló lọ.

Torí náà, ẹ dín iṣẹ́ kù dípò owó:

- ẹ fọ àárín kọ́rídọ̀ tí ẹsẹ̀ ń gbà lóṣooṣù, kẹ́ ẹ fi etí ògiri sí ìgbà míì
- ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìgbà tí àlejò ò pọ̀, tẹ́ ẹ máa lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án láìdúró
- kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lo fákúọ̀mù kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n sì kó àga kúrò
- kí wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ ọdún kan, tàbí kí wọ́n sanwó lọ́jọ́ iṣẹ́

Gbogbo èyí ń dín wákàtí yín kù tàbí kó mú kí owó yín dájú, ẹ lè fi lára ẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Tí wọn ò bá gba ìkankan níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ní kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn lọ.

Ìwé àdéhùn àti owó tí kò tètè jáde

Òtẹ́ẹ̀lì púpọ̀ kì í sanwó lọ́jọ́ iṣẹ́, 30 ọjọ́ ni, àwọn míì 60. Ẹ̀yin sì ní láti san owó ọmọ iṣẹ́ àti kẹ́míkà lọ́sẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní òtẹ́ẹ̀lì 3 tó ń sanwó lẹ́yìn 60 ọjọ́, ẹ lè máa jèrè lórí ìwé kẹ́ ẹ má sì rówó ra kẹ́míkà. Iṣẹ́ tó bá tóbi, ẹ gba ìdajì ṣáájú, tàbí, ó kéré tán, owó tó máa bo ìnáwó yín.

Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé:

- ibi tẹ́ ẹ máa fọ̀ àti m² ẹ̀
- ohun tí kò sí nínú owó náà
- pé ibi tí bílíìṣì ti pa láwọ̀ àti ibi tó ti gbó kò lè padà bọ̀ sípò nípa fífọ̀
- ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó
- ẹni tó máa fọwọ́ sí i lórí àjà kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ bá ṣe ń parí

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Tí àlejò bá da wáìnì sí kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì, ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ ò fọ ibẹ̀.

Àṣìṣe kékeré tó ń jẹ owó

Kẹ́míkà tí wọ́n ń fojú bù. Tí wọ́n bá ní 1 sí 64, ìyẹn kẹ́míkà 1 sí omi 64, bíi mílílítà 15 nìyẹn nínú lítà omi kan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń dà á látẹnu ìgò á lo ìlọ́po méjì, ọṣẹ á ṣẹ́ kù sínú kápẹ́ẹ̀tì, ìdọ̀tí á tètè padà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì pè yín padà wá fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ra ife ìwọ̀n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Kí èèyàn fo fákúọ̀mù torí kó lè yá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ gbígbẹ; tẹ́ ẹ bá da omi lé e, ẹrẹ̀ lẹ ṣe yẹn.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìdán kẹ́míkà wò níbi tó fara sin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wò ó bóyá àwọ̀ ń jáde.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Kẹ́ ẹ tó sùn lọ́jọ́ náà, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: wákàtí tẹ́ ẹ rò, wákàtí tẹ́ ẹ lò, ohun tó fà á. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ tèmi sí, ojú ewé kan fún òtẹ́ẹ̀lì kan. Tí wákàtí bá ti kọjá iye tí mo rò lẹ́ẹ̀mẹta léra ní òtẹ́ẹ̀lì kan náà, mo máa ń mú ojú ewé yẹn lọ bá máníjà, màá ní ẹ wò ó, ìṣẹ́jú báyìí la fi dúró de lífìtì, ìṣẹ́jú báyìí la fi dúró de kọ́kọ́rọ́, ẹ bá wa tún un ṣe tàbí ká tún owó ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́kọ́rọ́ lífìtì ni wọ́n máa ń fún wa.